Báwo lẹ ṣe ń gba òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, tí yóò sì dúró?

Alábòójútó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ gba èèyàn mẹ́ta: ẹni tí yóò máa ṣe ìwé owó, ẹni tí yóò máa dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù àti ímeèlì, àti ẹni tí yóò máa mójú tó ilé ìkẹ́rù. Èmi ni ọ̀gá gbé e lé lọ́wọ́.

Bí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe máa ń ṣe é nìyí: á gbé ìkéde síta, àwọn CV á ya wọlé, á ṣa àwọn tí ìwé wọn dùn ún wò, á pè wọ́n, wọ́n á jókòó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó parí. Púpọ̀ nínú àwọn tó gbà lọ́nà yẹn ò pẹ́ kí wọ́n tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ò lọ, àmọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló ń bá wọn ṣe ìdajì iṣẹ́ wọn.

Èmi ò fẹ́ tọ ọ̀nà yẹn. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Kí ni mo lè bi èèyàn tí màá fi mọ̀ pé ó mọṣẹ́ ní tòótọ́, tí kì í ṣe pé ó kàn mọ̀rọ̀ọ́ sọ? Kí ló sì ń mú kí ẹni téèyàn gbà dúró? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ìyá Ọ́fíìsì:

Àbúrò, ó dára tí o béèrè kí o tó gbé ìkéde jáde, torí ìdí iṣẹ́ náà gan-an ló yẹ kí o ti bẹ̀rẹ̀. Lọ bá àwọn tí ẹni tuntun yìí yóò máa bá ṣiṣẹ́, bi wọ́n pé: "Tó bá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wa, kí lẹ máa rí tí ẹ ó fi sọ pé a rí èèyàn gbà?" Ohun tí wọ́n bá sọ, kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Jẹ́ ká fi ti ilé ìkẹ́rù ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n á sọ fún ọ pé àwọn fẹ́ kí iye ẹrù tó wà nínú ìwé bá iye tó wà nílẹ̀ mu. Wọ́n á ní kó má ṣe máa kó ẹrù tuntun jáde kí èyí tó ti pẹ́ wá bàjẹ́ sẹ́yìn. Wọ́n á ní tí nǹkan bá ń tán lọ, kó ti sọ kó tó tán. Wò ó dáadáa: èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló béèrè ìwé ẹ̀rí yunifásítì? Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìkéde iṣẹ́ ilé ìkẹ́rù tí mo ń rí ló ń béèrè rẹ̀, torí pé ẹni tó kọ ọ́ rí i nínú ìkéde ẹlòmíràn.

Tí o bá ti kọ ọ́ tán, pín ohun tó yẹ kí ẹni náà mọ̀ sí ọ̀nà méjì. Èyí tó gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kó tó wọlé wà lọ́tọ̀, èyí tí ẹ lè kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́ wà lọ́tọ̀. Orúkọ ọjà yín, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò, bí ẹ ṣe ń kọ ìwé ẹrù tó wọlé àti èyí tó jáde, ẹ lè fi ọjọ́ díẹ̀ kọ́ èèyàn ní gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìfarabalẹ̀, kéèyàn ka nǹkan kó tún un kà kó tó fọwọ́ sí i, ẹ ò lè kọ́ àgbàlagbà nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wá a lára ẹni tó ń bọ̀. Ohun tí ẹ lè kọ́ èèyàn, ẹ má tìtorí rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni padà.

Inú ìwé yẹn ni ìkéde rẹ á ti jáde. Inú rẹ̀ ni ìbéèrè íntáfíù á ti jáde. Inú rẹ̀ náà lo máa wò nígbà tí oṣù mẹ́fà bá pé.

Baba Atẹ̀wé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ní ilé ìtẹ̀wé, mi ò sì gba ọ̀nà tó gùn tó báyìí rí. Tí mo bá nílò èèyàn, àwọn òṣìṣẹ́ mi ni mo máa ń sọ fún. Ẹni tó bá mú èèyàn wá mọ̀ pé orúkọ òun lòun fi dúró, kò ní mú ọ̀lẹ wá. Lẹ́yìn náà, èmi àti ẹni náà á jókòó, a ó fọ̀rọ̀ jomi tooro ọ̀rọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí a tó dìde, mo ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ìwé kíkọ yìí, ẹ má jẹ́ kó dí ọmọ yìí lọ́wọ́.

Atúmọ̀-Èsì:

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n ta ko apá kejì ọ̀rọ̀ yín, torí apá kìíní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìwádìí pọ̀ tó fi hàn pé ẹni tí òṣìṣẹ́ mú wá máa ń pẹ́ níbi iṣẹ́ ju ẹni tó ti ìta wá lọ. Ó ti gbọ́ òótọ́ nípa ibẹ̀ kó tó wọlé. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn tó jọra wọn ni yóò máa fa ara wọn wọlé, ẹni tó mọṣẹ́ jù wọ́n lọ tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò ní gbọ́ rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú èèyàn wá, àmọ́ ẹ gbé ìkéde síta pẹ̀lú, kí gbogbo wọn sì gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé.

Ti kéèyàn jókòó sọ̀rọ̀ kó sì mọ ẹni, wọ́n ti wọn ìyẹn wò. Ní 1998, àwọn onímọ̀ méjì kan, Frank Schmidt àti John Hunter, ṣàkójọ ìwádìí ọdún 85 lórí yíyan òṣìṣẹ́. Wọ́n fi nọ́ńbà sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. 0 ni ọ̀nà tí kò sọ ohunkóhun fún wa nípa bí ẹni náà á ṣe ṣiṣẹ́ sí, 1 ni èyí tí kì í tàsé rárá. Kí wọ́n ní kéèyàn ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà kí wọ́n rí i, 0.54 ló gbà. Íntáfíù tó létò gba 0.51. Èyí téèyàn kàn ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń bọ̀ lẹ́nu gba 0.38. Iye ọdún téèyàn ti fi ṣiṣẹ́ ò ju 0.18 lọ, iye ọdún tó fi wà nílé ìwé ò sì ju 0.10 lọ.

Ní 2022, Paul Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà wò, wọ́n ní àwọn tó ṣe é tẹ́lẹ̀ ti fi kún nọ́ńbà jù bó ṣe yẹ lọ. Púpọ̀ nínú nọ́ńbà náà ló wálẹ̀. Íntáfíù tó létò ló wá bọ́ síwájú pátápátá pẹ̀lú 0.42, ìdánwò ohun téèyàn mọ̀ nípa iṣẹ́ náà tẹ̀ lé e pẹ̀lú 0.40, iṣẹ́ àfidánwò gba 0.33. Íntáfíù tí kò létò já sí 0.19.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kò sí ọ̀nà kan tó tó dá dúró. Ẹ so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Iye ọdún tí gbogbo ìkéde sì máa ń kọ́kọ́ béèrè, òun gan-an ni kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan.

Alábòójútó:

Ẹ ṣeun gan-an. Kí la ń pè ní íntáfíù tó létò? Ṣé kí n kọ ìbéèrè sílẹ̀ ni àbí ohun mìíràn tún wà níbẹ̀? Wọ́n ní èèyàn méjì á jókòó tì mí.

Ìyá Ọ́fíìsì:

Ìbéèrè kíkọ wà níbẹ̀, ó kù síbẹ̀. Àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ wà nìyí. Ìbéèrè kan náà ni kí o bi gbogbo wọn, bí o ṣe tò ó fún ẹni àkọ́kọ́ ni kí o tò ó fún ẹni ìkẹyìn. Kí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ti inú ìwé oṣù mẹ́fà yẹn jáde. Kí ẹ ti kọ irú ìdáhùn tí yóò gba máàkì kékeré àti èyí tí yóò gba máàkì ńlá sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dá fún un ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìjẹ́ pé ẹ tíì bá ara yín sọ ọ́. Ibi tó kẹ́yìn yìí làwọn èèyàn máa ń fò. Tí ẹni tó bá ga jù nípò bá ti lanu sọ pé "ọmọ yìí wù mí," ó ti tán, àwọn méjì tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí tó fi wù wọ́n náà.

Mú ẹni tí yóò máa dá oníbàárà lóhùn. Má bi í pé "Ṣé o ní sùúrù?" Ta ni yóò sọ pé òun ò ní? Sọ fún un pé: "Rántí ìgbà kan tí ẹnìkan bínú sí ọ lórí ohun tí ọwọ́ rẹ ò sí nínú rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀, kí lo ṣe, báwo ló ṣe parí?" Ẹni tó bá ń sọ bí ẹni yẹn ṣe burú tó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fún un ní 1. Ẹni tó ní òun bẹ̀ ẹ́, tí kò lè sọ ohun tó ṣe sí ìṣòro náà, fún un ní 3. Ẹni tó ní òun jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, òun tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un kó lè mọ̀ pé òun gbọ́, òun sọ ohun tóun lè ṣe àti ìgbà tóun máa ṣe é, tó sì ní òun padà pè é, 5 ni tirẹ̀. Tí kò bá tíì ṣiṣẹ́ rí, kó fi ti ilé tàbí ti ilé ìwé dáhùn. Ìwà ló ń fi hàn, ibi tó ti hù ú kọ́ ni kókó.

Baba Atẹ̀wé, ọ̀rọ̀ yín kò lọ sófo o. Daniel Kahneman, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002, ṣètò irú íntáfíù yìí fún àwọn ológun Ísírẹ́lì ní àárín àwọn ọdún 1950, nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Ó mú ìwà mẹ́fà, ó ní kí wọ́n bi ìbéèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fún un ní máàkì kí wọ́n tó bọ́ sí òmíràn. Àwọn tó ń ṣe íntáfíù bínú pé ó ti gba ọgbọ́n inú àwọn lọ́wọ́ àwọn. Ó wá ní tí wọ́n bá ti fún gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní máàkì tán, kí wọ́n dijú, kí wọ́n ronú bí ẹni náà á ṣe ṣe sí lẹ́nu iṣẹ́ ológun, kí wọ́n fún un ní máàkì kan sí i. Máàkì ìdijú yẹn wúlò tó àpapọ̀ mẹ́fà tó ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, ojú inú yín ní ààyè, Bàbá. Ẹ kàn jẹ́ kó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni.

Baba Atẹ̀wé:

Èyí yé mi. Mo gbà pé kó kẹ́yìn.

Olùṣirò:

Ẹ jẹ́ kí n bá a dá sí ti ẹni tí yóò máa ṣe ìwé owó, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Iṣẹ́ àfidánwò ni kó lò. Kó mú àkọsílẹ̀ báńkì oṣù kan àti ìwé ìnáwó oṣù kan náà, kó yí orúkọ àti iye inú wọn padà kí àṣírí ilé-iṣẹ́ má baà jáde, kó wá fi àṣìṣe bíi mélòó kan há inú rẹ̀. Kó sọ fún ẹni náà pé: "Méjèèjì yìí ò bá ara wọn mu. Wá ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, kí o sì kọ ohun tí o máa ṣe sí i."

Irú àṣìṣe tí mo máa ń há sí i: mo lè kọ 4,500 sínú ìwé báńkì, kí n kọ 5,400 sínú ìwé ìnáwó. 900 ni ìyàtọ̀ wọn. Ẹni tó ti ń ṣe ìwé owó dáadáa yóò wo 900 yẹn, yóò rí i pé 9 pín in láìṣẹ́kù, ọkàn rẹ̀ á sì lọ síbi tí ẹnìkan ti gbé nọ́ńbà méjì fún ara wọn, torí gbogbo àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni 9 máa ń pín. Kò sẹ́ni tó lè fi ẹnu dídùn rí ìyẹn. Mo tún máa ń kọ owó kan ní ẹ̀ẹ̀mejì, mo sì máa ń fi ìnáwó kan sí i tí kò ní rìsíìtì.

Ti rìsíìtì yẹn ni mo máa ń wò jù. Ẹnìkan á rí i, á fò ó. Òmíràn á wá àlàyé tó dùn ún gbọ́ kọ sí i. Ẹni tí mò ń wá ni ẹni tó kọ síbẹ̀ pé: "Mi ò rí ẹ̀rí èyí, màá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ná an kí n tó kọ ọ́ wọlé." Ìyẹn ti sọ fún mi nípa òótọ́ inú rẹ̀ ju ìbéèrè "Ṣé olóòótọ́ ni ẹ́?" lọ.

Wákàtí kan tó o. Kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mò-ń-Wáṣẹ́:

Ẹ ṣeun fún gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Èmi wà ní ìhà kejì tábìlì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tiwa náà.

Ilé-iṣẹ́ kan ní kí n ṣe ètò ìpolówó ọjà wọn fún odindi oṣù mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìdánwò. Mo ṣe é, mo fi ránṣẹ́, mi ò gbúròó wọn mọ́. Nígbà tó yá, mo rí ọ̀rọ̀ tí mo kọ lójú ewé wọn. Àwa tí a ń wáṣẹ́ máa ń sọ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ara wa, ẹni tó mọṣẹ́ kì í sì í kọ̀wé síbẹ̀ mọ́. Tí iṣẹ́ àfidánwò bá kúrò ní kékeré, ẹ san owó rẹ̀. Tí ẹ ò bá fẹ́ sanwó, ẹ lo iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe tán, bí Olùṣirò ṣe sọ yẹn, kó hàn gbangba pé ẹ ò ní lò ó.

Èkejì ni owó oṣù. Ìkéde á sọ pé "owó tó jọjú wà." Èèyàn á kọ̀wé, á ṣe ìdánwò, á gba ìsinmi níbi tó wà kó lè wá ṣe íntáfíù, ọjọ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n á wá sọ iye tí kò lè gbà láé. Tọ̀tún-tòsì ló fi àkókò ṣòfò. Ẹ kọ ọ́ síta, ì báà jẹ́ "láti iye báyìí sí iye báyìí."

Ẹ̀kẹta, ẹ dá èèyàn lóhùn. Kódà bó jẹ́ pé "rárá" ni. Ìlà méjì tó: ẹ ṣeun tí ẹ wá, a ti mú ẹlòmíràn. Ẹni tí ẹ kọ̀ lónìí lè jẹ́ ẹni tí ẹ ń wá lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì lè jẹ́ oníbàárà yín lọ́la. Ohun tó máa ń dun èèyàn jù ni kó máa yẹ ímeèlì wò lójoojúmọ́ láìmọ̀ bóyá kó ṣì máa retí.

Agbẹjọ́rò:

Ohun tí Mò-ń-Wáṣẹ́ sọ nípa owó ti ń di òfin láwọn ibì kan. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan ní 2023 tó ní kí agbanisíṣẹ́ sọ iye tàbí ibi tí owó iṣẹ́ mọ fún ẹni tó ń wáṣẹ́ kí íntáfíù tó wáyé, kò sì gbọdọ̀ bi í pé èló ló ń gbà níbi tó wà. Wọ́n fún àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ di oṣù kẹfà 2026 láti sọ ọ́ di òfin tiwọn.

Ti ìwé ẹ̀rí tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹjọ́ kan wà lórí rẹ̀ tó yẹ kí gbogbo agbanisíṣẹ́ mọ̀. Ní 1971, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Griggs àti Duke Power. Ilé-iṣẹ́ náà ń béèrè ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ girama àti ìdánwò fún iṣẹ́ tí àwọn tí kò ní ìwé náà ti ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú ló sì ń tì sẹ́yìn jù. Ilé-ẹjọ́ ní bó ti wù kí èrò agbanisíṣẹ́ mọ́ tó, ohun tó bá béèrè gbọ́dọ̀ tan mọ́ iṣẹ́ tí ẹni náà máa ṣe. Òfin ibi kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ẹ yẹ tiyín wò, ṣùgbọ́n ìlànà yẹn kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Àdéhùn 111 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ti wà láti 1958. Ó ta ko kí wọ́n ṣe ìyàtọ̀ láàárín èèyàn nídìí iṣẹ́ nítorí ẹ̀yà, àwọ̀, takọtabo, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú tàbí ibi téèyàn ti wá. Nítorí náà, Alábòójútó, "Ṣé o ti lọ́kọ?", "Ìgbà wo lo fẹ́ bímọ?", "Ibo lo ń jọ́sìn?", ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, kódà tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtura lásán lẹ fẹ́ fi ṣe. Tí iṣẹ́ bá gba kéèyàn máa wá lọ́jọ́ Sátidé, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á lè máa wá.

Bí ẹ bá sì gbé e fún ilé-iṣẹ́ tó ń báni wá òṣìṣẹ́, ẹ béèrè bóyá ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń wáṣẹ́. Àdéhùn 181 ti ILO, ti 1997, ní kí wọ́n má gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ nílò èèyàn ni kí ẹ sanwó.

Alábòójútó:

Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè mìíràn: CV tó máa wọlé lè pọ̀ ju èyí tí mo lè kà lọ. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ní kí n jẹ́ kí AI, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń ṣe nǹkan, bá mi ṣà á. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Atúmọ̀-Èsì:

Má jẹ́ kó dá pinnu. Amazon gbìyànjú irú rẹ̀ láti 2014. CV àwọn tó ti kọ̀wé sí wọn ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà, àwọn ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀rọ náà kọ́ ohun tó rí: tó bá ti rí ọ̀rọ̀ tó fi hàn pé obìnrin ló ni CV, bí ẹgbẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin, á dín máàkì rẹ̀ kù. Wọ́n tún un ṣe títí, wọ́n wá pa á tì. Ilé-iṣẹ́ ìròyìn Reuters ló gbé e jáde ní 2018.

Àmọ́ ojú èèyàn náà kì í ṣe aláìlẹ́tanú. Marianne Bertrand àti Sendhil Mullainathan fi CV tó sún mọ́ 5,000 ránṣẹ́ sí àwọn agbanisíṣẹ́ ní Boston àti Chicago, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kọ orúkọ tó dún bíi ti aláwọ̀ funfun sórí àwọn kan, wọ́n kọ èyí tó dún bíi ti aláwọ̀ dúdú sórí àwọn yòókù, láìjẹ́ pé ìwé ẹnìkan dáa ju ti ẹnìkejì. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2004: àwọn tí orúkọ wọn dún bíi ti aláwọ̀ funfun rí ìpè fi ìdajì ju àwọn yòókù lọ.

Nítorí náà, ní kí ẹlòmíràn bo orúkọ, fọ́tò àti ọjọ́ orí kí CV tó dé ọwọ́ rẹ. Fi ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta tó tan mọ́ iṣẹ́ náà sínú fọ́ọ̀mù, èyí tí ìdáhùn rẹ̀ ò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ìdáhùn yẹn ni kí o kọ́kọ́ kà. Wàá rí i pé ó yá ju CV kíkà lọ, ẹni tó kàn ń fi CV kan náà ránṣẹ́ káàkiri kò sì ní dáhùn rẹ̀ rárá.

Baba Atẹ̀wé:

Ti ẹni tó lè jẹ́rìí èèyàn ńkọ́? Gbogbo ẹni tí mo bá pè ló máa ń yin ọmọ náà.

Ìyá Ọ́fíìsì:

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Bàbá, torí òun ló fúnra rẹ̀ mú wọn. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dára. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀: iṣẹ́ wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an? Ìgbà wo ló dé, ìgbà wo ló lọ? Irú ìrànlọ́wọ́ wo lẹ máa ń ṣe fún un kó tó lè ṣe dáadáa? Tí ààyè bá yọ, ṣé ẹ ó tún gbà á? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn, ẹ fetí sí bó ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó dáhùn. Ẹ gba ìyọ̀ǹda ẹni náà kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni o, pàápàá ọ̀gá tó ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Èèyàn ti pàdánù iṣẹ́ nítorí irú ìpè bẹ́ẹ̀.

Alábòójútó, o béèrè ohun tó ń mú kí wọ́n dúró, ìyẹn ló sì jẹ mí lógún jù. Sọ ibi tí iṣẹ́ náà le fún wọn kí wọ́n tó gbà á. Láti àwọn ọdún 1970 ni John Wanous ti ń ṣe ìwádìí lórí èyí, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń so ìpè fóònù pọ̀: ẹni tó mọ rere àti búburú ibẹ̀ kó tó wọlé kì í tètè sá. Tí oníbàárà bá máa ń pariwo mọ́ èèyàn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mú ẹni náà jókòó tì yín fún wákàtí kan lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Tó bá ní òun ò ṣe mọ́, ó ti ṣe ọ́ lóore.

Má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Google wo àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé lẹ́yìn íntáfíù mẹ́rin, èyí tó bá tún tẹ̀ lé e kì í fi bẹ́ẹ̀ fi kún ohun tí wọ́n ti mọ̀. Fún iṣẹ́ tìrẹ, ìdánwò kan àti íntáfíù kan ti tó. Tí o bá ti mọ ẹni tí o fẹ́, pè é lọ́jọ́ yẹn, kí ìwé ìgbanisíṣẹ́ sì tẹ̀ lé e: iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀, àkókò tí ẹ ó fi dán an wò lẹ́nu iṣẹ́ àti ohun tí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n.

Lọ́jọ́ tó bá dé, kí tábìlì, kọ̀ǹpútà àti ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́. Yan ẹnìkan, tí kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀, tó lè máa bi ní ìbéèrè láìtijú. Kí o bá a jókòó ní ìparí ọ̀sẹ̀ kìíní, kí o tún bá a jókòó ní ìparí oṣù kìíní. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń dákẹ́ jálẹ̀ àkókò tí wọ́n fi ń dán èèyàn wò lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n á wá fún un ní ìwé pé kó máa lọ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Ìwà ìkà gbáà ni. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe nǹkan kan lódì, báwo ló ṣe fẹ́ tún un ṣe?

Alábòójútó:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àdúrótì. Mo ti bá àwọn tó wà ní ilé ìkẹ́rù sọ̀rọ̀. Ìkéde tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Iye owó wà nínú ìwé tí màá gbé síta, ibí nìkan ni mo ti yọ ọ́.

"A ń wá ẹni tí yóò máa mójú tó ilé ìkẹ́rù. Láàárín oṣù mẹ́fà, iṣẹ́ rẹ ni láti rí i pé iye ẹrù inú ìwé bá èyí tó wà nílẹ̀ mu, pé ẹrù tó pẹ́ ń jáde ṣáájú tuntun, àti pé a gbọ́ kí ohunkóhun tó tán. O gbọ́dọ̀ lè kà, lè kọ, lè ṣírò láìṣàṣìṣe, kí o sì ní ìrírí ọdún mẹ́ta. A ó kọ́ ọ ní ètò orí kọ̀ǹpútà wa. Ohun tó le níbẹ̀: ẹrù máa ń wọlé ní ìdájí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìdúró sì pọ̀. Owó oṣù: láti … sí …. Ìdánwò wákàtí kan àti íntáfíù kan la ó ṣe. Gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé ni yóò gbọ́ èsì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí a bá ti pa ìkéde dé."

Mò-ń-Wáṣẹ́:

Màá kọ̀wé sí irú ìkéde yìí. Ohun kan ṣoṣo ló kù: ọdún mẹ́ta yẹn, ibo ló ti wá? Kò sí nínú ohun tí àwọn tó wà ní ilé ìkẹ́rù sọ.

Olùṣirò:

Òun náà ni mo fẹ́ sọ. Dípò rẹ̀, fún wọn ní ìwé ẹrù kan àti pẹpẹ kan nínú ilé ìkẹ́rù, kí wọ́n kà á kí wọ́n sọ ohun tó sọnù. Ọmọ tó kàn ti ń ka ọjà fún ìyá rẹ̀ lè yege nínú rẹ̀.

Alábòójútó:

Mo ti yọ ọ́. Màá ka pẹpẹ kan sílẹ̀ lọ́la kí n tó gbé ìkéde jáde, kí n lè mọ iye tó yẹ kí wọ́n bá níbẹ̀.